Páàkì Wo Lẹ Ń Sọ Gan-an?

Ìlú Vancouver ní Kánádà ní fáìlì kan tí mo máa ń ṣí bí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá ti sú mi. Kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Àtẹ lásán ni, ìjọba ìlú náà ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá wù gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: orúkọ páàkì kọ̀ọ̀kan, àdúgbò tó wà, bó ṣe fẹ̀ tó ní hẹ́kítà, àti kọ́lọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ Washrooms, èyí tí kì í gbà ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ. Y ni pé tọ́lẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. N ni pé kó o ti ṣe é tán nílé kó o tó wá. Oṣù Karùn-ún ọdún 2009 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà fẹnu kò pé dátà tó bá wà lọ́wọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ máa sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ti gbogbo ará ìlú ni. Mi ò dé Vancouver rí, mi ò sì ní ẹbí níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá jí mi lóru pé kí n wá páàkì tó kéré jù níbẹ̀ tó sì ní tọ́lẹ́ẹ̀tì, ìlà mẹ́rin ni màá kọ ní SQL, èdè tí a fi ń bi àtẹ inú kọ̀ǹpútà léèrè ọ̀rọ̀:

SELECT Name, NeighbourhoodName, Hectare
FROM parks
WHERE Washrooms = 'Y'
ORDER BY Hectare;

Kí n tó ṣẹ́jú, ìdáhùn ti dé, èyí tó kéré jù ló sì wà lókè pátápátá.

Kubwa ni mò ń gbé, ní Àbújá, ó sì ti pẹ́. Irú ìbéèrè yìí nípa ìlú tí mò ń gbé gan-an, ẹnu ni mo fi ń béèrè rẹ̀, kì í ṣe SQL. Bẹ́ẹ̀ páàkì ò wọ́n wa. Millennium Park wà ní Maitama, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ló ṣí i lóṣù Kejìlá ọdún 2003, nígbà tó wá sí ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè Commonwealth. Etí adágún Jabi wà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gun ẹṣin. Àwọn gádìn keékèèké wà káàkiri Wuse, Garki àti Utako, tí wọ́n ń yan ẹja àrọ̀ lálaalẹ́, tí èéfín rẹ̀ á bá ọ délé nínú aṣọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ ni pé a ò tíì ka tọ́lẹ́ẹ̀tì inú wọn, pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Èmi ò gbà. Ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé ìdí tọ́lẹ́ẹ̀tì: a ò tíì fẹnu kò lórí èwo ni èwo.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Vancouver díẹ̀. Wọ́n ní àtẹ kejì. Èyí kì í ka páàkì, ohun inú páàkì ló ń kà. Ìlà kan, irú ohun kan: pápá bọ́ọ̀lù, ibi ìṣeré ọmọdé, pápá tẹ́nìsì, pẹ̀lú iye tó wà níbẹ̀. Wọ́n tún ka ibi tí wọ́n ti ń tú ajá sílẹ̀ kó máa sáré láìsí okùn lọ́rùn. Mo fi èyí han aládùúgbò mi kan, ó ní lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ìlú ni.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ páàkì tí kò ní nǹkan kan ju koríko àti igi lọ, ẹ ó so àtẹ méjèèjì pọ̀:

SELECT p.Name
FROM parks p
LEFT JOIN facilities f ON f.ParkID = p.ParkID
WHERE f.ParkID IS NULL;

LEFT JOIN ń sọ pé kó gbogbo páàkì wá, èyí tó ní nǹkan àti èyí tí kò ní. Ìlà tó kẹ́yìn wá ń sọ pé nínú wọn, fi àwọn tí àtẹ kejì kò mẹ́nu bà rárá hàn mí. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí púpọ̀, torí ohun tí kò sí ló ń wá. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti kọ́ ní SQL ló máa ń rò pé ohun tó wà nínú àtẹ nìkan ni ẹnu wọn gbà láti béèrè.

Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. Páàkì ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ kọ́ ló so àtẹ méjèèjì pọ̀. ParkID ni, nọ́ńbà lásán tí kò sọ ohunkóhun nípa páàkì náà. Bí wọ́n bá fi orúkọ olóṣèlú kan sọ páàkì ọ̀hún lọ́la, nọ́ńbà yẹn kò ní mira. Edgar Codd, òṣìṣẹ́ IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló gbé èrò yìí kalẹ̀ lọ́dún 1970: kí a má máa wá àkọsílẹ̀ nípa títọ ipa ọ̀nà tí wọ́n gbà kó o pa mọ́, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ohun kan lára tí ìlà mìíràn kò ní. Primary key ló pè é, ìyẹn olórí kọ́kọ́rọ́ àtẹ. Nígbà tó di 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, nílé iṣẹ́ kan náà, gbé èdè tí a lè fi bi irú àtẹ bẹ́ẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ jáde. SEQUEL ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di SQL. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi èdè kọ̀ǹpútà ti dé, wọ́n sì ti kógbá wọlé. Eléyìí ò lọ síbì kan.

Gbogbo èyí ì bá má kàn mí ju eré ọwọ́ lọ bí kò bá ṣe ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ẹ̀ka Àbújá. Èmi ni akọ̀wé. Lópin ọdún a máa ń kó ọmọ jáde lọ jẹun nínú páàkì. Lọ́dún kan, Ìyá Ẹgbẹ́ dìde nípàdé, ó ní òun ò ní lọ síbi tí òun á ti máa wá ẹ̀yìn igi láti tọ̀, ọjọ́ orí òun ti kọjá bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn màmá pàtẹ́wọ́. Bàbá Alága bá kọjú sí mi: “Akọ̀wé, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Bá wa wá páàkì tó ní tọ́lẹ́ẹ̀tì tó dáa, tó ní omi, tó ní ibòji, tí mọ́tò wa á sì rí ibi dúró sí.”

Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ páàkì kan sọ ohun tó wà níbẹ̀. Fóònù mi ò sinmi títí ilẹ̀ fi ṣú. “Gádìn Alhaji yẹn, ẹ̀yìn ilé epo.” “Ibi tí a ti ṣe ọjọ́ ìbí Akápò.” “Èyí tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì wa.” Ṣọ́ọ̀ṣì ta ni? “Èyí tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.” Ẹnì kan ní Jabi Park. Ẹlòmíì bi í bóyá èyí tí a ti ń wọ mọ́tò lọ Ìlọrin ni àbí ti etí omi. Wọ́n fi ìyẹn rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ìbéèrè gidi ni, torí páàkì méjèèjì ló wà ní Jabi lóòótọ́.

Ibi tó ti wá gbóná ni ti Akápò àti Ìyá Ẹgbẹ́. Akápò ní gádìn tí òun sọ ní tọ́lẹ́ẹ̀tì, ó tiẹ̀ mọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ní irọ́ ni, òun ti débẹ̀, ihò lásán ló wà níbẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fà á, àwọn mìíràn gbè sẹ́yìn Akápò, àwọn yòókù sẹ́yìn màmá. Ìgbà tí ẹnì kan fi fọ́tò ránṣẹ́ ló tó hàn pé gádìn méjì ni wọ́n ń sọ, odi kan ṣoṣo ló pààlà láàrin wọn. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ ilé epo, ọjọ́ ìbí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ibì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ti ṣí SQLite, ètò kékeré kan tó ń gbọ́ SQL, lórí kọ̀ǹpútà mi, mo la àtẹ kékeré sílẹ̀: orúkọ, tọ́lẹ́ẹ̀tì, omi, ibòji. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ sí, mo fi í sílẹ̀ bíi NULL. Ẹ ṣọ́ra fún NULL o. Kì í ṣe rárá, kì í ṣe òdo. Ohun tó ń sọ ni pé a ò mọ̀. Bí ẹ bá kọ WHERE toleeti <> 'rara', tí ẹ rò pé gbogbo èyí tí kì í bá ṣe rárá ni yóò jáde, SQL á rọra gbọn gbogbo NULL dà nù láìsọ fún yín, torí kò lè fi ohun tí a ò mọ̀ wé ohunkóhun. Ẹ ní láti fi OR toleeti IS NULL kún un. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ilé ìwé ló ní omi, ohun tó máa ń wá sí mi lẹ́nu ni: NULL ibẹ̀ ńkọ́?

Ṣùgbọ́n NULL lóògùn. Kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ ni mi ò rí oògùn rẹ̀. Bí mo bá ní kí SQL ka páàkì, á ka ibi kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí mo bá so wọ́n pọ̀ nípa orúkọ, gádìn méjì tí odi pín á di ọ̀kan, tọ́lẹ́ẹ̀tì Akápò á sì bo ihò tí Ìyá Ẹgbẹ́ rí mọ́lẹ̀. Ọmọ tí bàbá ń pè ní Adéwálé, tí ìyá bàbá ń pè ní Àjàní, tí ìyá ìyá rẹ̀ ní Olúwáṣeun ni tòun, kì í sọnù nínú ilé, torí gbogbo ẹni tó ń pè é ló ń wo ojú rẹ̀. Rẹ́jísítà ilé ìwé ni kì í rí ojú. Àtẹ náà kì í rí ojú.

Ní Àbújá, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i, nítorí púpọ̀ nínú àwọn páàkì àdúgbò ni ìjọba fi sọ́wọ́ aládàáni láti máa tọ́jú, tí wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀ láti rí owó rẹ̀ padà. Orúkọ tó wà lára pátákó, ti ẹni yẹn ni. Bó bá lọ, orúkọ á bá a lọ. Igi ò kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ ò kúrò níbẹ̀, àmọ́ nínú àtẹ tó bá gbára lé orúkọ, páàkì kan ti kú, òmíràn sì ti bí.

Mo gbìyànjú OpenStreetMap, máàpù tí ẹnikẹ́ni lè yà sí, tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún 2004. Àmì leisure=park ni wọ́n ń fi sí páàkì, amenity=toilets sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, ohun kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń yà á wú mi lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pa páàkì kan rẹ́ kó lè tún un yà dáadáa, nọ́ńbà tuntun ló máa gbà. Ó dára fún ẹni tó ń wá ọ̀nà. Kì í ṣe nọ́ńbà tí mo lè gbé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá lé.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé Àbújá ní kọ́kọ́rọ́ náà tẹ́lẹ̀. Òfin tó dá FCT, agbègbè olú ìlú ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ jáde lóṣù Kejì ọdún 1976. Nígbà tó fi máa di 1979, wọ́n ti ya àwòrán ìlú tán, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba tó kó kúrò l'Ékòó wá síbí. Kì í ṣe bí Ìbàdàn, tí ilé ti kún kí ẹnikẹ́ni tó rántí títì. Níbí, ilẹ̀ ti wà lórí ìwé kí wọ́n tó gbin igi sí i. Wọ́n pín ìlú sí ohun tí wọ́n ń pè ní cadastral zone: A05 ni Maitama, A08 wà ní Wuse II, B04 ni Jabi, B05 ni Utako. Nínú sónù kọ̀ọ̀kan, pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Àbújá rí, tàbí tí wọ́n ti fẹ́ lù ní jìbìtì ilẹ̀, mọ nọ́ńbà méjèèjì yìí bí ẹní mọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí àwòrán ìlú fún páàkì náà kò yàtọ̀, pulọ́ọ̀tì lòun náà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gádìn kan ní Utako. Pátákó mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ ọtí ló tóbi jù, wọ́n kọ orúkọ gádìn sísàlẹ̀ rẹ̀ wínníwínní. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa á, lẹ́tà rẹ̀ ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ̀kẹta, irin kékeré kan tó ti dípẹtà ni, wọ́n kàn án mọ́ odi lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, koríko sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó: nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì, sónù, ó tán. Mo bi mègádì pé kí ni ibí yìí ń jẹ́. Ó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Mo nawọ́ sí irin náà. Ó ní, “Wannan na gwamnati ne,” pé ti ìjọba nìyẹn, ó sì yíjú kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé kò kan gádìn rárá.

Irin yẹn ni mo wá fi tún àtẹ mi tò:

CREATE TABLE paaki (
  sonu TEXT,
  pulooti TEXT,
  hekita REAL,
  PRIMARY KEY (sonu, pulooti)
);

Kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì pọ̀, torí pulọ́ọ̀tì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún lè wà ní Jabi, kó tún wà ní Maitama. Orúkọ bọ́ sí àtẹ tirẹ̀, níbi tí páàkì kan lè ti ní orúkọ mẹ́wàá bó bá wù ú: ti Akápò, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé epo, ti ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ báyìí àti ti ẹni tó lọ. Kò sẹ́ni tí mo ní kó má pe ibì kan bó ṣe ń pè é.

Ẹnì kan á ní, pulọ́ọ̀tì kì í pín ni? Ó máa ń pín. Wọ́n lè gé igun kan níbẹ̀, kí igun náà di ilé epo. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi fẹ́ nọ́ńbà yìí. Nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà FCT láàrin 2003 sí 2007, ilé púpọ̀ ni wọ́n wó pé wọn ò bá àwòrán ìlú mu. Àwòrán kan náà tí wọ́n fi mú onílé, ó yẹ kí ará ìlú lè fi mú ìjọba. Bí páàkì bá ní nọ́ńbà tí gbogbo wa ní lọ́wọ́, tí ìlà rẹ̀ kò sì ṣeé pa rẹ́, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó dópin nìkan la lè kọ sí i, LEFT JOIN ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá á sọ èyí tó ti pòórá. Páàkì tí kò ní nọ́ńbà, bó bá di sọ́ọ̀bù lóru ọjọ́ kan, kò sí ìbéèrè tó lè wá a. Gbogbo ohun tó kù ni àwọn àgbà tí yóò máa sọ pé ibí yìí ni a ti ń jẹ ẹja tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí èyí bá ti dúró ni tọ́lẹ́ẹ̀tì tó lè wọlé. Nínú àtẹ tọ́lẹ́ẹ̀tì gbogbo ènìyàn ní Vancouver, wọ́n ya wákàtí ìgbà ooru sọ́tọ̀, wọ́n ya ti ìgbà òtútù sọ́tọ̀. Tiwa á jẹ́ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, torí tọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń dán lóṣù Keje lè má rí omi lóṣù Kejì. Á ní ọjọ́ tí a rí i, á ní ẹni tó rí i. Á tún ní kọ́lọ́ọ̀mù kan tí Vancouver kò ní lò láéláé: ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ gádìn kan ní Wuse tí ìyá tó ń ta masa lẹ́nu géètì ni kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá wá lọ́jọ́ náà, tọ́lẹ́ẹ̀tì wà, kò sì sí.

A rí ibì kan lọ lọ́dún yẹn, a jẹun, òjò ò rọ̀, ó parí. Àtẹ náà ni mi ò jẹ́ kó parí. Nípàdé tó tẹ̀lé e mo rán wọn létí pé Ààrẹ Goodluck Jonathan ti fọwọ́ sí òfin òmìnira ìròyìn láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, pé ọjọ́ méje ni òfin náà fún ọ́fíìsì ìjọba láti fi ohun tí a béèrè lé wa lọ́wọ́, pé a ò sì ní láti sọ ìdí tí a fi ń béèrè. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí ọjọ́ méje yẹn. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà.

Lẹ́tà náà ò gùn. Ohun mẹ́rin la béèrè nípa páàkì kọ̀ọ̀kan: sónù, nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì, hẹ́kítà, àti ẹni tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ báyìí. Kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ bíi CSV, fáìlì àtẹ tí kọ̀ǹpútà lè kà, kì í ṣe ìwé tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, Bàbá Alága ní, “Akọ̀wé, tọ́lẹ́ẹ̀tì dà níbẹ̀?”

Mo ní, “Bàbá, àtẹ kejì nìyẹn. Àwa fúnra wa la máa kọ ọ́.”

Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún Gwarinpa, òun àti àwọn màmá tó ń gbé ibẹ̀ á lọ wò ó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ṣùgbọ́n kí n fi kọ́lọ́ọ̀mù kan sí i fún àga tó ní ẹ̀yìn, torí bẹ́ńṣì tí kò lẹ́yìn, ẹni tí eegun rẹ̀ ṣì le ló ni ín.